Ṣáláńgá Ìyá Mi Nínú Ìwé Àlejò

Kánsù ìlú wa tẹ ìwé pélébé kan jáde fún àwọn àlejò. Ìwé náà ń dán, àwòrán kún inú rẹ̀, wọ́n sì to ohun méje tó yẹ kí àlejò rí nílùú wa sí i. Mo ti kà á títí ó fi ń ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé n kò mọ ohun tí mò ń bínú sí.

Èkínní ni aago ńlá tó wà níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Aago yẹn ti dúró sórí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ìgbà tí àkọ́bí mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, àkọ́bí mi náà sì ti di ìyá ọmọ báyìí. Èkejì ni adágún omi, níbi tí wọ́n ní kí àlejò ti wá wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ni. Ẹ̀kẹta ni afárá onírin, tí àwa ará ìlú kì í gbà bí a bá rí ọ̀nà mìíràn, torí pé pákó rẹ̀ kan ti ṣí. N kò bá wọn jà lórí ìwọ̀nyẹn. Ta ni kì í gbálẹ̀ díẹ̀ kí àlejò tó wọlé?

Ẹ̀kẹrin ló bí mi nínú. "Ilé Arìnrìn-àjò" ni wọ́n pè é. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Inú ilé kékeré yìí ni arìnrìn-àjò olókìkí kan sùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìlú yìí tó di ìlú. Àmì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà sí ògiri ṣì wà níbẹ̀ títí dòní."

Ṣáláńgá ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ṣáláńgá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbẹ́ ihò rẹ̀, ìyá mi ló mọ ògiri rẹ̀, èmi ni mo sì pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì.

Alágbàfọ̀ ni mí. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Màmá Ọlọ́ṣẹ. Lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin là ń gbé, ní títì kọ́lọkọ̀lọ kan tí ọkọ̀ méjì kò lè gbà pàdé ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni onígbàjámọ̀ títì náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ṣáláńgá yẹn wà, ẹ̀yìn ṣáláńgá ni ọgbà ìfọṣọ wa. Ọpọ́n sìmẹ́ǹtì méjìlá ló wà nínú ọgbà, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, gọ́tà gba àárín wọn kọjá, okùn ìsáṣọ sì wà lókè láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìyá mi àti obìnrin mọ́kànlá ló kọ́ wọn ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, nígbà tí kánsù ayé ìgbà yẹn lé wọn kúrò létí adágún pé ọṣẹ wọn ń ba omi jẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Nítorí pé obìnrin méjìlá ń sá aṣọ sórí okùn kan náà, kálukú ní àmì tirẹ̀. Bí aṣọ oníbàárà bá ti wọlé, kí omi tó kàn án, a ó fi òwú pupa rán àmì alágbàfọ̀ sí abẹ́ kọ́là rẹ̀, ibi tí ojú kò tó. Àmì ìyá mi ni ìlà gígùn kan pẹ̀lú ìlà kéékèèké mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Òun ni ìlà gígùn. Àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ni kéékèèké. Ẹ̀kẹta wa kò dàgbà, ṣùgbọ́n ìyá mi kò yọ ọ́ kúrò lára aṣọ kankan títí ó fi kú, èmi náà kò sì yọ ọ́. Àmì yẹn ni mò ń lò dòní.

Lọ́jọ́ tí sìmẹ́ǹtì ọpọ́n ṣì tutù, kálukú fi ìka fa àmì rẹ̀ sí etí ọpọ́n tirẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi mọ ṣáláńgá. Ìyá mi fa tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé òun kò lọ́wọ́ sí i. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Báwo wá ni ṣáláńgá ṣe di ilé arìnrìn-àjò? Ẹ̀bi kánsù wà níbẹ̀, mo sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àdúgbò wa ní àṣà kan: ẹni tó bá mú bírò lọ́wọ́, a kì í sọ òótọ́ fún un. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn irọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ìwé, ó ń béèrè iye yàrá, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, irú ògiri tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn òbí wa dá a lóhùn bí ọmọlúàbí, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mẹ́sàn-án, wọ́n ní títì fẹ́ gba ibẹ̀. Ilé àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ tí oníbírò wá ni wọn kò kùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá mú bírò wá béèrè ilé télọ̀ lọ́wọ́ wa, a ó sọ fún yín pé télọ̀ ti rìnrìn àjò, télọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa dá yín lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí. Ẹlẹ́nu-Ṣúgà ni wọ́n ń pè é. Ó lè gé irun yín kí ó máa parọ́ fún yín títí irun náà yóò fi tún hù.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti kánsù pẹ̀lú ìwé àti bírò, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀. Ó ní kánsù fẹ́ tún àdúgbò wa ṣe kí àlejò lè máa wá, wọ́n sì fẹ́ mọ ìtàn ibi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. A ti sọ ọ́ ní Oníbírò kí ó tó jókòó.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó tọ́ka sí ṣáláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé, ó béèrè pé kí nìyẹn. A ti ní omi ẹ̀rọ nílé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ti fi yanrìn dí ihò rẹ̀, àga tó ti ṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń kó síbẹ̀. Ó lè sọ pé ilé àga ni. Rárá o. Ó gbé abẹ sílẹ̀, ó wo ọ̀ọ́kán, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ yẹn ni àlejò ńlá sùn sí." Ó mú ọkùnrin kan tí kò sí láyé rí rìn láti òkun dé ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá. Ó ní ìlà gígùn yẹn ni ọ̀nà tó rìn, kéékèèké mẹ́ta sì ni ọjọ́ mẹ́ta tó fi sùn. Àwọn tó jókòó ń dúró de irun gígé fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run rí mi, mo rẹ́rìn-ín.

Láti ṣọ́ọ̀bù ni Oníbírò ti wá bá mi nínú ọgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ti tó ọdún mélòó tí ọgbà yìí ti wà?"

"Ọdún méjì," ni mo wí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"A ò mọ̀. A kàn bá a báyìí ni."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Aṣọ ara wa là ń fọ̀."

Ẹ̀wù ogójì èèyàn ló ń fì lókè orí wa bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní, "Ṣé bí kí n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mà?" Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó na ìwé sí mi, mo nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, mo buwọ́ lù ú. Mo sẹ́ ìyá mi níwájú ọpọ́n tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá àwòrán ètò tuntun lára ògiri ibùdó ọkọ̀. Gbogbo ibi tó ní ìtàn ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé: Ilé Arìnrìn-àjò, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, àti ilé alájà kan tí ẹnì kan purọ́ fún wọn pé ó jẹ́ ilé ẹ̀wọ̀n rí. Ọgbà wa ni wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé, "Ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn àlejò." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà kò ní ìtàn.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Mo rí i. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níbẹ̀. Wọ́n máa bá mi kùn ún."

"Ọgbà Màmá kò sí níbẹ̀."

Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò lára àga. "Ìwọ lo sọ pé ọdún méjì ni. Àbí èmi ni mo bá ọ sọ ọ́?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí kánsù. Màá sọ pé mo parọ́, kí ẹ̀yin náà sọ pé ṣáláńgá ni. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé Màmá ló ni àmì yẹn, wọ́n á mọ̀ pé òun ló ni ọgbà."

"Kí wọ́n wá wó ṣọ́ọ̀bù mi? Kí lo rò pé ó dá ṣọ́ọ̀bù yìí dúró? Ẹwà mi ni? Arìnrìn-àjò ló dá a dúró. Lọ́jọ́ tó bá lọ, èmi náà á tẹ̀lé e."

"Arìnrìn-àjò wo? Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ bí i!"

"Mo mọ̀. Òun náà sì lọmọ tó máa tọ́jú mi lọ́jọ́ ogbó." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run kan jáde, wọ́n kọ "Afinimọ̀nà" sí iwájú rẹ̀. Kánsù ti fún un níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni yóò máa sọ ìtàn náà fún àlejò.

Mo wo fìlà náà. Mo ní, "Kéékèèké mẹ́ta abẹ́ ìlà yẹn ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹni tí ẹ̀kẹta jẹ́?"

Kò wojú mi. Ó ní, "Ẹni tó ti lọ ti lọ. Àwa tó kù là ń wá ibi jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Mo jáde, mi ò sì kí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi tí n kì í jẹun àárọ̀ kí n má kọ́kọ́ kí i.

Mo lọ sí kánsù fúnra mi. Ẹni tó ni ètò náà ni ọ̀gá kan tí a ń pè ní Onífáìlì, torí pé kò sí bí ẹ ṣe lè rí i kí fáìlì má wà lábíyá rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó pè mí ní Màmá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kórìíra ẹ̀rín músẹ́ yẹn ju èébú lọ. Ó ṣí fáìlì, ó yí i sí mi.

"Màmá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà. Irọ́ ni mo pa."

"Kí ló dé tí ẹ fi parọ́ fún ìjọba?"

"Torí pé nígbà tí a sọ òótọ́, ilé mẹ́sàn-án lọ, sà."

Ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ó ní bí kálukú bá ń wá yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn tí àwòrán ti jáde, a kò ní tún nǹkan kan ṣe nílùú yìí. Mo sọ fún un nípa àmì. Mo ní kí ó wá wo etí ọpọ́n ìyá mi, kí ó lọ wo ògiri ṣáláńgá, ọwọ́ kan náà ló fà á.

"Ẹ ń rí i," ó ní, "a mọ̀ nípa ìyẹn. Ó dà bíi pé ẹ̀yin alágbàfọ̀ ló wo àmì Arìnrìn-àjò fi ṣe tiyín. Ohun ìwúrí ni."

Ẹ gbà mí. Ìyá mi, tó fi ìka ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sínú sìmẹ́ǹtì tútù, òun ló wá di ẹni tó jí àmì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí. Bí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a wí, ojú mi bọ́ sí ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ̀wù funfun ni, ó le, ó ń dán. Bọ́tìnnì kejì láti òkè funfun ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀. Èmi ni mo rán bọ́tìnnì yẹn. Dírẹ́bà kan máa ń kó ẹ̀wù mẹ́fà wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, n kò sì mọ ẹni tó ni wọ́n títí di ìṣẹ́jú yẹn.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa tí ìyá mi fi kọ́ mi kí ó tó fi áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́: ohun tí alágbàfọ̀ bá rí lára aṣọ oníbàárà, kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níta. A ti rí ẹ̀jẹ̀, a ti rí àtíkè ẹni tí kì í ṣe ìyàwó ilé, a ti rí lẹ́tà nínú àpò. A kì í sọ. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wá omi mu nílé.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, katapílà dé. Àwa obìnrin méje tí a ṣì ń fọṣọ níbẹ̀ kó aṣọ àwọn oníbàárà mọ́ra bí ẹni ń kó ọmọ jáde nínú iná. Ẹnu ọ̀nà ni ọpọ́n ìyá mi wà, torí náà òun ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́. N kò mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì lè ké bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ́ ẹ̀kẹrin, ẹnì kan pe awakọ̀ katapílà lórí fóònù pé kí ó dáwọ́ dúró, kí eruku lè sọ̀ kí àwọn àlejò tó dé ní Sátidé. Mo wá àmì ìyá mi nínú àfọ́kù náà títí èékánná mi fi ya. Ìlà gígùn ni mo rí. Kéékèèké mẹ́ta ti di lẹ́búlẹ́bú.

Ní Sátidé, ní aago mọ́kànlá, wọ́n ṣí Ilé Arìnrìn-àjò. Àlejò bí ogójì pé jọ, àwọn kan gbé kámẹ́rà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ṣáláńgá, wọ́n gbin òdòdó yí i ká, wọ́n sì fi gíláàsì bo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀ nínú fìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run. Onífáìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn mú, ó ti bọ́ kóòtù, Oníbírò ń bá a gbé e lẹ́yìn rẹ̀. Èmi dúró lẹ́yìn àwọn àlejò, mo fi aṣọ inura di àfọ́kù sìmẹ́ǹtì mọ́ abíyá.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí á má purọ́. Ó mú Arìnrìn-àjò gun òkè, ó mú un sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àlejò ń mi orí. Obìnrin kan na ọwọ́ fi kan ògiri, ó pa ojú dé bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ìlà gígùn yìí," ẹ̀gbọ́n mi wí, "ni ọ̀nà jíjìn tó rìn. Kéékèèké mẹ́ta wọ̀nyí..."

"Bọ̀ọ̀dá!"

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Mo ti ń la àárín wọn kọjá.

"Ẹ parí rẹ̀," mo ní. "Kéékèèké mẹ́ta wọ̀nyí ni kí ni?"

Onífáìlì bọ́ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, a ní àlejò. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ọ́fíìsì."

"Mo ti wá sí ọ́fíìsì, sà. Ẹ ní ìyá mi jí àmì." Mo yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ gíláàsì yẹn dáadáa. Ìlà gígùn kan, kéékèèké mẹ́ta. Ṣé ẹ ti rí i? Ó yá, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo abẹ́ kọ́là yín."

"Kí ni ẹ wí?"

"Abẹ́ kọ́là yín, sà. Lẹ́yìn ọrùn."

Mo mọ̀ pé mò ń rú òfin ìyá mi. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn, oníbàárà kan lè máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kó aṣọ wá fún mi. Ṣùgbọ́n mo ní àfọ́kù ọpọ́n rẹ̀ lábíyá.

Onífáìlì kò mira. Oníbírò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ọjọ́sí nínú ọgbà, lábẹ́ ẹ̀wù ogójì. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì fi ìka méjì yí kọ́là náà sókè.

Òwú pupa. Ìlà gígùn kan, kéékèèké mẹ́ta.

Bàbá àgbà kan tó gbé kámẹ́rà tẹ̀ síwájú, ó wo kọ́là, ó wo gíláàsì, ó tún wo kọ́là. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé Arìnrìn-àjò yìí náà ló ń fọ aṣọ yín ni?" Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín músẹ́ kúrò lójú Onífáìlì. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dá wa lóhùn. Ta ló fa àmì yìí?"

Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè. Ẹ̀gbọ́n mi, tí irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló dúró bí ọmọ iléèwé tí kò ka ìwé. Ó wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo tú aṣọ inura, mo sì gbé àfọ́kù náà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà gígùn náà lọ títí dé ibi tó ti ṣẹ́, ìka rẹ̀ sì ń wá ìyókù kiri lórí sìmẹ́ǹtì níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́.

Ó bọ́ fìlà.

"Ṣáláńgá ni," ó wí. "Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ọwọ́ mi bó. Ìyá wa ló mọ ògiri, òun àti àwọn obìnrin tó ni ọgbà ẹ̀yìn yẹn. Kò sí arìnrìn-àjò kankan. Kéékèèké mẹ́ta yìí kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni àkọ́kọ́. Àbúrò mi tó dúró yìí ni èkejì. Ẹ̀kẹta..."

Ó fi fìlà bo ojú, ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ìbínú tí mo ti kó lé e lórí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lọ, ṣùgbọ́n mo lọ dúró tì í.

Obìnrin tó pa ojú dé lẹ́ẹ̀kan ń nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Onífáìlì ní kí àwọn àlejò máa lọ wo pẹ́pẹ́yẹ. Ó sọ fún wa, láìwo ojú ẹnikẹ́ni, pé òun yóò dá katapílà dúró títí wọn yóò fi tún fáìlì kọ, òun kò sì ṣe ìlérí kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ṣáláńgá kò sí nínú ohun tí kánsù ń tọ́jú. Mo ní kí ó má gbàgbé àwọn ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ti gbé kọ́là wálẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn bí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Oníbírò dúró sẹ́yìn. Ó wọ ọgbà, ó fò lórí àfọ́kù, ó jókòó sí etí ọpọ́n karùn-ún, ó ṣí ìwé tuntun.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mà. Ó ti tó ọdún mélòó tí ọgbà yìí ti wà?"

Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi dúró yí wa ká, gbogbo wọn ń wo bírò náà. Èmi náà ń wò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, "ọdún méjì" ti wà létí ahọ́n mi, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ni ilé.

"Mẹ́tàlélógójì," mo ní. "Kọ ọ́. Kà á sí mi létí."

Ó kọ ọ́, ó sì kà á. Mo mú un lọ sí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó kù, mo sọ ẹni tó ni àmì kọ̀ọ̀kan fún un, ẹni tó bí ìbejì nínú wọn, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé wa. Níbi tí mo bá ti ṣìnà, ó tún un ṣe, òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, mo sì rí i pé ó nira fún un. Ó ní kí ó kọ ọ́ pé òun ló gbẹ́ ihò.

A dé ibi àwọn mẹ́rin tó ti fọ́. Oníbírò gbé bírò sókè. Ó ní, "Ìwọ̀nyí ńkọ́, mà?"

Mo sọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un láti orí wá, ó yà wọ́n sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, mo ní kí ó kọ ẹni tó fọ́ wọn.

"Kánsù?" ó béèrè.

"Kọ kánsù," mo ní. "Kí o sì kọ orúkọ tèmi sábẹ́ rẹ̀."